Ta ni a ó fún ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù? Ìtàn àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ adúláwọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kọjá ẹnubodè

 

Ọ̀rọ̀ méjì kì í tán lẹ́nu wa nígbàkigbà tí a bá pàdé. Èkíní ni ti àwọn ọmọ wa tó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí wọ́n ń kọ̀wé wá iṣẹ́ sí báǹkì àti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Èkejì ni ti ṣọ́ọ̀bù wa: ta ni a lè fi síbẹ̀ tí ọkàn wa yóò balẹ̀ bí a bá lọ sílé fún ọdún tàbí ìsìnkú? Bí a bá wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Ẹni tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ gbọ́dọ̀ pinnu ẹni tí yóò fún ní kọ́kọ́rọ́. Ṣé ọmọ ilé rẹ̀ tó mú wá ni, àbí ọmọ onílẹ̀ tó bá níbẹ̀?

Ìbéèrè yìí kò mọ sọ́dọ̀ àwa ọlọ́jà. Láti bí ogójì ọdún wá, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti dìde láti àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, láti Tógò, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Íńdíà, tí wọ́n ya ẹ̀ka sí orílẹ̀-èdè púpọ̀. Àwọn náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè yìí. Bí wọ́n ṣe dáhùn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń wáṣẹ́ àti ẹni tó ń gbani síṣẹ́.

BÍ ÀWỌN BABA WA ṢE ṢE É

Bí a bá ń lọ, à á bojú wẹ̀yìn. Kí ọdún 1969 tó dé, Yorùbá ti pọ̀ ní Gánà. Ìkànìyàn ọdún 1960 ka wa sí nǹkan bíi 100,000. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho wà ní Kumasi, Tamale, Accra, ní àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wa góòlù, títí dé abúlé oníkòkó. Wọn kò ní ilé ìwé tí wọ́n ti kọ́ nípa ètò òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ètò wà lọ́wọ́ wọn. Bí ọjà ẹnìkan bá ti ń rìn, yóò ránṣẹ́ sílé kí wọ́n fi àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ náà yóò máa gbé inú ilé ọ̀gá, yóò máa jẹun níbẹ̀, yóò máa kiri ọjà, yóò sì máa kó owó wá. Kò sí owó oṣù. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bí ìwà rẹ̀ bá dára, ọ̀gá yóò ṣe fíríìdọ̀mù fún un, yóò fún un ní ọjà tàbí owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Òun náà yóò wá ránṣẹ́ sílé gba ọmọ tirẹ̀.

Ètò yìí lágbára. Kò náni lówó púpọ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé ló dúró bí ìwé àdéhùn, nítorí ẹni tó bá jalè ní Kumasi, ìtìjú rẹ̀ yóò dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Òun ló jẹ́ kí ọmọ abúlé tí kò ní kọ́bọ̀ di oníṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tí ẹnikẹ́ni kò rí títí di ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969. Ní ọjọ́ náà ni ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ìwé tàbí kí wọ́n kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kò ní ìwé kankan. Wọ́n ta ọjà ní ìdajì owó, wọ́n fi àwìn sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n sì wọ mọ́tò. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òfin mìíràn jáde tó ya àwọn òwò kéékèèké sọ́tọ̀ fún ọmọ Gánà. Ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo ẹni tó mọ ìṣirò rẹ̀ jẹ́ àlejò kò ní ẹni tí yóò dúró ṣọ́ ọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé àlejò. Ọ̀gá, àbúrò àti ọmọ iṣẹ́, inú mọ́tò kan náà ni gbogbo wọn wà.

Kí a má baà dá Gánà nìkan lẹ́bi, Nàìjíríà náà ṣe é. Ní oṣù Kínní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Gánà. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì ń jẹ́ "Ghana Must Go" títí dòní. Èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí ìwé ní 1979 pé ará wọn lè máa rìn láti ìlú kan sí èkejì láìgba físà fún 90 ọjọ́.

BÍ ÀWỌN ÒYÌNBÓ ṢE ṢE É

Ilé-iṣẹ́ ńlá tí àwọn baba wa mọ̀ ni UAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929 nígbà tí ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì méjì para pọ̀. Ọ̀dọ̀ òyìnbó ni kọ́kọ́rọ́ wà. Adúláwọ̀ lè jẹ́ akọ̀wé tàbí olùtajà, ṣùgbọ́n yàrá ọ̀gá, òyìnbó ló ń jókòó síbẹ̀. Ìlú Èkó ni wọ́n ti wá yí i padà díẹ̀díẹ̀. Olóyè Ernest Shonekan wọ UAC gẹ́gẹ́ bí amòfin ní 1964, ó sì di ọ̀gá pátápátá fún UAC Nàìjíríà ní 1980. Láti 1929 sí 1980 jẹ́ ọdún 51. Kì í sì í ṣe ọkàn rere nìkan ló mú un wá. Òfin 1972 àti 1977 tó ní kí ọmọ Nàìjíríà ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ àjèjì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ láti ilẹ̀ tiwa bẹ̀rẹ̀ sí kọjá ẹnubodè, ọ̀nà méjì ló wà níwájú wọn: ọ̀nà ẹbí tí àwọn baba wa tọ̀, àti ọ̀nà òyìnbó. Àwọn kan gbìyànjú ọ̀nà kẹta.

ECOBANK: ILÉ TÍ KÒ NÍ ÌLÚ KAN

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí òkè, ọ̀pọ̀ báǹkì tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jẹ́ ti òyìnbó tàbí ti ìjọba. Àwọn oníṣòwò tó wà nínú ẹgbẹ́ ìṣòwò orílẹ̀-èdè wọ̀nyí sọ pé ó yẹ kí a ní tiwa. Àwọn méjì tí a kò lè gbàgbé ni Olóyè Adeyemi Lawson ti Nàìjíríà àti Ọ̀gbẹ́ni Gervais Djondo ti Tógò. Ní 1985 wọ́n dá Ecobank sílẹ̀, wọ́n fi olú-iṣẹ́ rẹ̀ sí Lomé. Ó lé ní 1,500 ènìyàn àti ilé-iṣẹ́ tó dá owó, àpò owó ECOWAS ló sì mú èyí tó pọ̀ jù wá. Olóyè Lawson ni alága àkọ́kọ́. Ẹ̀ka Tógò ṣílẹ̀kùn ní 1988, ti Nàìjíríà tẹ̀ lé e ní 1989, ti Gánà ní 1990.

Ẹ wo ìṣòro tó wà níwájú wọn. Nàìjíríà àti Gánà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Tógò, Benin àti Ivory Coast ń sọ Faransé. Òfin iṣẹ́ yàtọ̀, owó yàtọ̀, bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá pàápàá yàtọ̀. Bí wọ́n bá kó ọmọ Nàìjíríà nìkan lọ sí gbogbo ẹ̀ka, àwọn yòókù yóò sọ pé báǹkì Nàìjíríà ni. Bí wọ́n bá sì fi ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan, kò ní jẹ́ báǹkì kan mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gba ọmọ onílẹ̀ síṣẹ́ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń gbé àwọn tó bá mọṣẹ́ láti ìlú kan lọ sí èkejì. Àdéhùn tí wọ́n bá ìjọba Tógò ṣe, tó ka olú-iṣẹ́ wọn sí àjọ àgbáyé, jẹ́ kí iṣẹ́ wọn kọjá ẹnubodè láìsí ìdíwọ́.

Ìdánwò dé ní 2013 àti 2014. Awuyewuye ńlá bẹ́ sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń darí ilé-iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, wọ́n yọ ọ̀gá àgbà, Thierry Tanoh ti Ivory Coast. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì yóò túká. Ta ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́? Albert Essien ni, ọmọ Gánà, ẹni tó ti wọ Ecobank láti 1990 tí ẹ̀ka Accra ṣí. Ilé náà kò wó. Ní 2015 Ade Ayeyemi, ọmọ Nàìjíríà tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Citigroup, gba ipò náà, ó sì lo ọdún méje níbẹ̀ kó tó kan Jeremy Awori, ọmọ Kẹ́ńyà, ní 2023. Ivory Coast, Gánà, Nàìjíríà, Kẹ́ńyà: ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́rin ní ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá mọ̀ bí ó ṣe ṣòro tó láti yan alága ẹgbẹ́ láàárín ìlú méjì yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni.

MTN: ÀLEJÒ TÓ LÓJÚ

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. MTN ti Gúúsù Áfíríkà ra ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà ní oṣù Kínní ọdún 2001 ní mílíọ̀nù 285 dọ́là. Láàárín ọdún díẹ̀, Nàìjíríà di ọjà tó tóbi jù fún wọn. Ṣùgbọ́n Adrian Wood, Sifiso Dabengwa, Ahmad Farroukh àti Brett Goschen, àwọn mẹ́rin tó kọ́kọ́ di kọ́kọ́rọ́ Nàìjíríà mú, kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan nínú wọn. Ọdún 2013 ni wọ́n tó fi Michael Ikpoki, ọmọ Nàìjíríà, ṣe ọ̀gá.

Ẹ̀yin ará Gánà mọ orúkọ yìí. Ibí ni Ọ̀gbẹ́ni Ikpoki ti kọ́kọ́ jókòó sórí àga ọ̀gá, láti 2011 sí 2013. Wọ́n rán an wá síta kí wọ́n tó fún un ní ti ilé. Ní 2015, ìjọba Nàìjíríà bu owó ìtanràn tó lé ní tírílíọ̀nù náírà kan lé MTN, nítorí síìmù mílíọ̀nù 5.1 tí wọn kò tíì forúkọ olóhun sílẹ̀. Ọ̀gá àgbà ní Gúúsù Áfíríkà fi iṣẹ́ sílẹ̀, Ikpoki náà fi sílẹ̀, wọ́n sì fi Ferdi Moolman, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, sí ipò náà. Wọ́n dín owó náà kù sí bílíọ̀nù 330 náírà ní 2016. Ẹ rí i pé nígbà tí ọ̀ràn dé, ọmọ ilé tiwọn ni wọ́n sáré fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ì bá ti ṣe.

Ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, Karl Toriola gba ipò ọ̀gá MTN Nàìjíríà. Ó ti wọ MTN láti 2006, ó ti ṣe ọ̀gá fún wọn ní Kamẹrúùnù, ó sì ti bójú tó ẹ̀ka ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà. Inú gbogbo ọmọ Yorùbá dùn lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ òdì kejì rẹ̀. MTN wọ Gánà nígbà tó ra ilé-iṣẹ́ Investcom tó ni Areeba ní 2006. Ọdún 2015 ni wọ́n tó fi ọmọ Gánà, Ebenezer Asante, ṣe ọ̀gá níbí. Selorm Adadevoh, ọmọ Gánà bákan náà, gbà á ní 2018. Nígbà tó kúrò ní 2024, ipò tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ní olú-iṣẹ́ ni wọ́n gbé e lọ. Inú àwọn ọmọ Gánà dùn gẹ́gẹ́ bí tiwa ti dùn sí Toriola. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá gba ọmọ Gánà dípò ọmọ wa, ojúsàájú ni a máa ń pè é. Ohun tí a pè ní ẹ̀tọ́ ní Èkó, a kò lè pè é ní ìkà ní Accra.

AIRTEL ÀTI ÀWỌN TÍ KÒ LÓRÚKỌ

Ní 2010, Bharti Airtel ti Íńdíà ra ẹ̀ka Zain ní Áfíríkà ní bílíọ̀nù 10.7 dọ́là. Àwọn Íńdíà ní ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n kì í fẹ́ di gbogbo iṣẹ́ mú fúnra wọn. Iṣẹ́ òpó ìbánisọ̀rọ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àti iṣẹ́ àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn, ilé-iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n máa ń gbé e fún. Ọgbọ́n yìí ń dín owó kù. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn rí i ní 2011 pé agbanisíṣẹ́ tiwọn ti yí padà lórí wọn, ìjà sì dé láàárín wọn.

Airtel kan náà yìí ni Segun Ogunsanya di ọ̀gá rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2012. Kó tó débẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Coca-Cola ní Nàìjíríà, ní Gánà níbí àti ní Kẹ́ńyà, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Ecobank. Ní 2021, wọ́n fi ṣe ọ̀gá Airtel fún gbogbo Áfíríkà títí di 2024. Ẹ ka ọ̀nà tó rìn dáadáa. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe Yorùbá tó jẹ́ ló gbé e débẹ̀. Àwọn ìlú tó ti ṣiṣẹ́ ló gbé e débẹ̀.

A kò gbọ́dọ̀ ka orúkọ àwọn ọ̀gá nìkan kí a gbàgbé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2018, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà lọ dí ẹnu ọ̀nà MTN, wọ́n ní wọn kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọ ẹgbẹ́, wọ́n sì ń lo òṣìṣẹ́ kásúà. MTN ní àwọn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí wọ́n ń lu àlejò ní Gúúsù Áfíríkà, inú bí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà, wọ́n kọlu ṣọ́ọ̀bù MTN ní Èkó, Ìbàdàn àti Uyo. Àwọn wo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ọmọ Nàìjíríà ni. Òkúta tí a sọ sí àlejò, ọmọ ilé ẹni ló bà.

OHUN TÓ KÀN WÁ

Ìtàn yìí fi hàn wá pé ẹni tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń fún ní kọ́kọ́rọ́ nígbẹ̀yìn ni ẹni tó dàgbà nínú iṣẹ́, tó sì ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tó ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ ibi yòówù kó jẹ́, òun ni wọ́n ń wá. Ẹ̀yin òbí, ọmọ wa ti ní ìdajì ìmọ̀ yìí láti inú ilé. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Twi tàbí Gà, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kó kọ́ Faransé mọ́ ọn, nítorí ní Lomé àti ní Abidjan, Faransé ni iṣẹ́ ń sọ. Bí wọ́n bá ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ipò kékeré ní ìlú tí kò mọ̀, ẹ má dá a dúró. Ẹ tún bá a wo ìwé rẹ̀. Lábẹ́ òfin Gánà, bíbí níbí nìkan kò sọ ọmọ di ọmọ onílẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ wọ ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ irú ìwé tó ní kí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó dé.

Fún àwa oníṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí a tọ́jú ohun rere tó wà nínú ètò àwọn baba wa. Fíríìdọ̀mù dára, kí a má jẹ́ kó kú. Ilé-iṣẹ́ ńlá kì í fún òṣìṣẹ́ tó ń lọ ní owó láti dá tirẹ̀ sílẹ̀, àwa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìwé tì í. Òfin òṣìṣẹ́ Gánà ti ọdún 2003 sọ pé àdéhùn iṣẹ́ tó bá tó oṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, òṣìṣẹ́ sì ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 15 lọ́dún. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2008 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ san ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ san ìdá 5.5. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pariwo lórí kásúà ní MTN, tí ọmọbìnrin tó ń tajà fún wa kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọmọ Gánà níṣẹ́ pẹ̀lú ọmọ tiwa, kì í ṣe láti gbẹ́rù nìkan. Kí ó mọ ìwé ìṣirò, kí ó mọ oníbàárà, kí ó mọ ibi tí ọjà ti ń wá. Àwọn kan yóò sọ pé yóò kọ́ ọgbọ́n wa lọ. Òótọ́ ni, ó lè lọ. Àbúrò ẹni náà ń lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àlejò nílò onílẹ̀, onílẹ̀ náà nílò àlejò. Bí irú ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 bá tún dé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó dé, ẹni tó bá ti fi kọ́kọ́rọ́ kan lé ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ nìkan ló lè padà wá bá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Kí Olódùmarè bù sí òwò wa, kó ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wa, kó sì jẹ́ kí àlàáfíà wà láàárín Nàìjíríà àti Gánà. A kò ní ṣàgbákò o. Àṣẹ.